Òṣùwọ̀n Ta Ni? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Àpò Ìdókòwò Nípa Rere Ṣíṣe

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń múra sílẹ̀ fún ìyàsímímọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa mú ìwé pẹlẹbẹ kan wá sí kíláàsì. Ìjọ rẹ̀ ti fi í sínú ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò pinnu ibi tí wọn yóò kó owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ sí, àpò ìdókòwò kan sì ti kọ̀wé sí wọn. Àwòrán ewé tútù wà lójú ìwé náà, àti ti ọmọdé kan tó ń fọwọ́ bu omi mu, pẹ̀lú ìlérí pé owó ẹni tó bá bá wọn dókòwò yóò máa ṣe ayé àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lóore. Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa kò gùn: "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé òótọ́ ni?"

A kò rí èsì tó dájú fún un lọ́jọ́ náà, ojú sì tì wá díẹ̀. A ti kọ́ wọn bí a ti ń ka lẹ́tà Pọ́ọ̀lù: ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí, kí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí lẹ́nu ẹni tó lò ó, kí ni kò sì mẹ́nu bà rárá? A kò tíì kọ́ wọn láti ka ìwé tó ń béèrè owó wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ alájọ. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì ń dá a padà ní ìparí oṣù. Àpò ìdókòwò náà ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú rẹ̀ lásán. Ó ń fi ra ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́, ó ń yá ìjọba àti àwọn oníṣòwò ńlá, èrè tàbí àdánù ibẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ni owó. Ẹni tó bá ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín, ì báà jẹ́ ìpín tó kéré bí hóró músítádì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀kọ́ ìsìn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá da májèlé sínú odò, ta ló dà á?

Àwọn kan nínú àwọn ará wa ti ń wàásù pé ètò tí wọ́n ń pè ní ESG, èyí tó ń wo ọwọ́ tí ilé-iṣẹ́ fi mú àyíká, àwùjọ àti ìṣàkóso ara rẹ̀, jẹ́ ọgbọ́n Aṣòdì-sí-Kristi, wọ́n sì so ó mọ́ Ìfihàn orí 13. A bọ̀wọ̀ fún ìtara wọn, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Lóòótọ́, ìwé kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní 2004 ló sọ orúkọ náà di gbajúmọ̀, ní 2006 sì ni Kofi Annan ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwọn ìlànà fún ìdókòwò tó mọ ojúṣe rẹ̀ ní New York. Ṣùgbọ́n inú ìjọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní 1758 àwọn Quaker ti Philadelphia pinnu pé ẹni tó bá ń ra ẹrú tàbí tó ń tà á kò gbọ́dọ̀ bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìjọ mọ́. (Ó yẹ kí àwa tí wọ́n ti kó ènìyàn lára àwọn baba ńlá wa lọ sí ọjà yẹn máa rántí ọdún náà.) Ní 1760 John Wesley tẹ ìwàásù rẹ̀ lórí ìlò owó jáde, níbi tó ti kọ́ni pé Kristẹni kò gbọ́dọ̀ jèrè nípa pípa ọmọnìkejì rẹ̀ lára, ní ara, ní ohun ìní, tàbí ní ọkàn. Àwọn ọmọ ìjọ Methodist méjì ní Amẹ́ríkà, Luther Tyson àti Jack Corbett, ló sì dá Pax World Fund sílẹ̀ ní 1971, kí owó àwọn onígbàgbọ́ má bàa máa ra ohun ìjà fún ogun Vietnam.

Ẹni tó yẹ kí a dúró tì díẹ̀ ni Leon Sullivan, nítorí pásítọ̀ ni. Olùṣọ́ àgùntàn ìjọ Zion Baptist ní Philadelphia ni nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors fi í sínú ìgbìmọ̀ olùdarí rẹ̀ ní 1971, ó sì jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó níbẹ̀. General Motors ń ṣiṣẹ́ ní South Africa lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1977 Sullivan kọ àwọn ìlànà kan sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀: kí dúdú àti funfun máa jẹun ní yàrá kan náà, kí owó iṣẹ́ wọn dọ́gba bí iṣẹ́ wọn bá dọ́gba, kí wọ́n kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní iṣẹ́ ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń fún wọn ní máàkì bí ọmọ ilé-ìwé, ilé-iṣẹ́ tó bá sì gba máàkì rere a máa fi han àwọn ìjọ àti yunifásítì tó ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè gba máàkì rere lọ́dún mẹ́wàá tẹ̀léra nítorí tábìlì ìjẹun rẹ̀, kó sì máa san owó orí fún ìjọba tí kò jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí tábìlì náà dìbò. Yàrá ìjẹun ni ìwé ìdíwọ̀n ń wò, kò wo òfin orílẹ̀-èdè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí. Ní 1987 Sullivan fúnra rẹ̀ jáde, ó kéde pé àwọn ìlànà òun kò lè fòpin sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì ké sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n kúrò ní South Africa pátápátá. A kò mọ ìwà pásítọ̀ tó ṣòro ju kí ènìyàn sọ lójú gbogbo ayé pé ètò tó ń jẹ́ orúkọ òun kò tó iṣẹ́ tí a fi rán an. Bí a ti ń gbé àwọn ìlànà rẹ̀ ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kí a máa ka ìkéde ọdún kẹwàá yẹn pẹ̀lú rẹ̀.

Lónìí, iṣẹ́ máàkì ti di òwò ńlá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fún àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ní ìwọ̀n lórí ESG, tí àwọn àpò ìdókòwò sì ń ra ìwọ̀n náà lọ́wọ́ wọn. Ní 2022 àwọn olùwádìí mẹ́ta, Florian Berg, Julian Kölbel àti Roberto Rigobon, gbé ìwọ̀n àwọn afúnni-ní-máàkì mẹ́fà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ohùn wọn bá ṣọ̀kan pátápátá, iye tí a ó rí jẹ́ 1. Bí ọ̀kan kò bá bá èkejì tan rárá, òfo ni. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ 0.54 ní ìpíndọ́gba. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ ẹni mímọ́ níwájú aṣàyẹ̀wò kan, kó sì jẹ́ agbowó-òde níwájú èkejì. Ohun tó sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ náà ni pé wọ́n ń fi oríṣiríṣi ohun wọn nǹkan kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kóńgò ni gbogbo wọn ń pè é, ṣùgbọ́n ìyá kan ti lu ìdí tirẹ̀ wọ inú, òmíràn sì ti dí ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú ìda. Ámósì 8:5 dá àwọn tó sọ òṣùwọ̀n di kékeré lẹ́bi, Deutarónómì 25 sì kọ òṣùwọ̀n oríṣi méjì nínú ilé kan. A kò sọ pé àwọn aṣàyẹ̀wò wọ̀nyí jẹ́ olè. Púpọ̀ nínú wọn ń sa ipá wọn. Ohun tí à ń sọ ni pé bí kóńgò bá jẹ́ mẹ́fà lórí ọjà kan náà, ẹni tó ń tajà ni yóò yan èyí tó wù ú láti fi hàn yín.

Ìṣòro kan tún wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, a sì rò pé àwọn oníwàásù nìkan ló lè sọ ọ́ bó ti yẹ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù kì í béèrè ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe sí ayé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ewu tí ọ̀rọ̀ ayé lè mú bá èrè ilé-iṣẹ́ náà. Bí odò bá bàjẹ́, ìbéèrè wọn ni pé: ṣé a ó pe ilé-iṣẹ́ yìí lẹ́jọ́? Ṣé omi tí ilé-iṣẹ́ ń lò yóò tán? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò séwu, máàkì yóò dára, ì báà jẹ́ pé àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ odò ń mu májèlé. Ẹni tó ra àpò náà rò pé ìfẹ́ ọmọnìkejì ni wọ́n wọ̀n. Ààbò ara ẹni ni.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò, Lúùkù orí 10. A sábà máa ń wàásù pé àlùfáà àti ọmọ Léfì jẹ́ aláìláàánú. Bóyá aṣírò-ewu ni wọ́n. Ojú ọ̀nà yẹn léwu lóòótọ́. Àwọn ọlọ́ṣà lè ṣì wà nítòsí. Bí ọkùnrin náà bá sì ti kú, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò di aláìmọ́ nínú Òfin. Ìbéèrè wọn ni pé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èmi bí mo bá dúró? Ará Samáríà yí ìbéèrè náà padà sórí ẹni tó wà nílẹ̀. Bí a bá fún àlùfáà yẹn ní máàkì lórí ìṣọ́ra nínú ewu, ipò kìíní ni yóò gbà. Nítorí náà, bí aṣojú àpò ìdókòwò kan bá sọ fún yín pé ìwọ̀n àwọn ga, ẹ bi í léèrè ta ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń wọ̀n, ẹni tó ń kọjá lọ tàbí ẹni tó wà nílẹ̀.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ kan kù nínú ìwé pẹlẹbẹ náà tí a fẹ́ tú. Ní Yúróòpù, òfin kan tí a mọ̀ sí SFDR bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, láti fi ipá mú àwọn àpò ìdókòwò kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní rere. Àpò tó wà lábẹ́ abala kẹsàn-án òfin náà gbọ́dọ̀ ní ìdókòwò tí kì í ba ayé jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ète rẹ̀ gan-an. Èyí tó wà lábẹ́ abala kẹjọ kàn ń gbé àwọn ìwà kan nípa àyíká tàbí àwùjọ lárugẹ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: gbígbé lárugẹ. Nínú èdè wa, ènìyàn lè gbé ọba lárugẹ láìjẹ́ ọba, ó sì lè gbé ìwà mímọ́ lárugẹ láti orí àga ìwàásù láì tíì fọwọ́ kàn án. Orí ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ni ọ̀kẹ́ àìmọye owó jókòó lé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yẹ fún ìwàásù. Nígbà tí àlàyé òfin náà kù díẹ̀ kó le sí i ní oṣù Kìíní 2023, àpò tó ju 300 lọ ni wọ́n yọ kúrò lábẹ́ abala kẹsàn-án, tí wọ́n sì gbé lọ sí ìkẹjọ láàárín oṣù mẹ́ta tó parí 2022. Nígbà tí àwọn alábòójútó tún pàṣẹ pé àpò tó bá ń jẹ́ irú orúkọ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 owó rẹ̀ ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ, àṣẹ tó mú àwọn àpò àtijọ́ náà láti oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀pọ̀ ló yàn láti yí orúkọ padà.

Àwọn oníròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa kò bá wọn ṣe é, Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 5 ni kò sì jẹ́ kí a ṣe é. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Ananáyà? Kì í ṣe pé ó yọ lára owó ilẹ̀ náà. Pétérù sọ fún un gbangba pé tirẹ̀ ni ilẹ̀ náà kó tó tà á, àti pé ìkáwọ́ rẹ̀ ni owó náà wà lẹ́yìn tó tà á. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó mú apá kan wá, ó sì pè é ní odindi. Àpò tó sọ pé, "Apá kan ni, ẹ má pè é ní odindi mọ́," ti ṣe ohun tí Ananáyà ìbá ṣe kó má kú. Àwa Pẹ́ńtíkọ́sì fẹ́ràn orí kejì ìwé Ìṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń gbàgbé pé ìdájọ́ ikú àkọ́kọ́ nínú ìjọ tí Ẹ̀mí dá sílẹ̀ dá lórí ìròyìn owó tí kò pé, Pétérù sì pe ìròyìn náà ní irọ́ sí Ẹ̀mí Mímọ́. Kò pè é ní àṣìṣe akọ̀wé.

Àwọn kan kò tètè yí orúkọ padà. DWS, ilé-iṣẹ́ tó ń bójútó àpò ìdókòwò ní Jámánì, san mílíọ̀nù 19 dọ́là ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2023 lórí ẹ̀sùn pé bó ti ń fi ESG ṣiṣẹ́ kò rí bó ti sọ fún àwọn olówó. Ní 2025 ó tún san mílíọ̀nù 25 yúrò ní Frankfurt lórí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ òfo ni? Rárá o. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 2019, ògiri tó sé ẹrẹ̀ ìdọ̀tí ibi ìwakùsà mọ́ ya ní Brumadinho, ní Brazil. Ilé-iṣẹ́ Vale ló ni ín. Ẹrẹ̀ náà bo yàrá ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ènìyàn 270 sì kú. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn aṣàyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ TÜV SÜD ti Jámánì ti fọwọ́ sí ìwé pé ògiri náà dúró ṣinṣin. Ìwé ẹ̀rí wà, òǹtẹ̀ wà, òkú sì sùn lọ bẹẹrẹ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń bójútó owó ìfẹ̀yìntì àwọn àlùfáà Ìjọ England, pẹ̀lú àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Sweden, kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwakùsà tó ju 700 lọ káàkiri ayé. Ìbéèrè wọn kò jẹ mọ́ máàkì rárá. Wọ́n béèrè pé: ògiri mélòó lẹ ní, ibo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, báwo lẹ ṣe kọ́ ọ, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ta ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀? Wọ́n ní kí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ìdáhùn náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e sí gbangba. Ọ̀pọ̀ dáhùn. Ní oṣù Kẹjọ 2020, ìlànà kan jáde fún gbogbo ayé lórí bí a ó ti máa kọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ àti bí a ó ti máa ṣọ́ ọ. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn àlùfáà ló wà lẹ́yìn ìbéèrè náà, ẹ̀yin ará. Olówó ló jókòó, tó béèrè ọ̀rọ̀ tó ní orúkọ ibi àti orúkọ ènìyàn nínú.

Nílé wa ńkọ́? Àpò owó epo ìjọba Norway, tó tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ lágbàáyé, ní ìgbìmọ̀ ìwà rere kan láti 2004. Ní oṣù Kẹwàá 2013, ilé-iṣẹ́ ìṣúná Norway ní kí àwọn tó ń bójútó àpò náà bá Shell àti Eni sọ̀rọ̀ lórí epo tó ń dà sílẹ̀ ní Niger Delta, kí wọ́n sì fún ọ̀rọ̀ náà ní ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ilẹ̀ Ògóni ti sọ pé àtúnṣe ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Ní 2024 Eni ta ilé-iṣẹ́ epo rẹ̀ orí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹta 2025 Shell náà parí títa tirẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò, ẹni tó bá ta kànga rẹ̀ ti dín èéfín rẹ̀ kù. Kànga náà ṣì wà níbi tó wà, epo tó ti dà sórí ilẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ òfuurufú. Owó tó tíì dé ọwọ́ àwọn apẹja Bodo, mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn ní 2015, ẹjọ́ tí wọ́n pe Shell ní London ló mú un wá. Máàkì kankan kọ́.

Àwa pásítọ̀ náà kò wà lẹ́yìn ògiri. Ẹni tó bá ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì lábẹ́ òfin 2014 ti di olùdókòwò, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Ó ju ìdajì owó ìfẹ̀yìntì orílẹ̀-èdè yìí lọ tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ni a yá. Nínú gbèsè bẹ́ẹ̀, èyí tó yàtọ̀ díẹ̀ ni ti oṣù Kejìlá 2017, nígbà tí ìjọba yá bílíọ̀nù 10.69 náírà pẹ̀lú ìlérí pé iṣẹ́ àyíká nìkan ni wọn yóò fi ṣe, irú bí igbó gbíngbìn àti iná mànàmáná fún àwọn yunifásítì ìjọba. A fẹ́ràn irú ìlérí yẹn ju ti ewé tútù lọ, nítorí ènìyàn lè wọ mọ́tò lọ wo bóyá igi wà níbẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìjọ tí kò tíì ka ìṣirò owó tirẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ kò lẹ́nu láti bi àpò ìdókòwò léèrè. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ó sì dùn wá. Ṣùgbọ́n a kò lè tìtorí pé ojú wa pọ́n, kí a fa owó opó àti ti òṣìṣẹ́ ìjọ lé ẹni tí a kò bi ní nǹkan kan lọ́wọ́. Kí a ṣe méjèèjì pọ̀ ló yẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ̀wé sí àpò náà lẹ́yìn tí a ti jọ sọ gbogbo èyí. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi wọ́n: kí ni orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó náà wà nínú wọn, àwọn wo ló ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí sì ni ẹ̀yin ti ní kí wọ́n yí padà tí wọ́n sì yí i? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún ìjọ rẹ̀, wọ́n sì tún fi ìwé pẹlẹbẹ kan náà ránṣẹ́, ẹ̀dà tuntun, pẹ̀lú ọmọdé tó ń fọwọ́ bu omi mu. Ìgbìmọ̀ wọn yóò tún jókòó ní oṣù tó ń bọ̀. Ó ti ní òun yóò gbé lẹ́tà méjèèjì ka orí tábìlì.